Sọ fún Fọlákẹ́ Kí Wọ́n Tó Yọ́ Èyí Tó Kù

Ilé Wa,
Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.
Ọjọ́ Ajé.

Káyọ̀dé ọmọ mi,

Bí ara rẹ bá le, ìdajì àníyàn mi ti kúrò nílẹ̀. Ìdajì tó kù ni mo kó sínú lẹ́tà yìí.

Mo mọ̀ pé wàá béèrè ìdí tí mi ò fi pè ọ́. Tí mo bá pè ọ́, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ kàn ọ́ gan-an ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ máa ń bàjẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyá rẹ máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ lórí fóònù láti ìdí ààrò. Etí rẹ̀ kò tíì darúgbó. Nítorí náà mo fi bírò kọ ọ́. Tí mo bá parí rẹ̀, màá ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, màá sì fi ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù tí o rà fún mi. Mo ti kọ nọ́ńbà sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀kan bá fò, sọ fún mi. Tí o bá sì ti kà á tán, pa á rẹ́, nítorí mi ò mọ irú ẹni tí ẹ jọ ń sùn nínú yàrá kan náà níbi tí wọ́n ti ń dá yín lẹ́kọ̀ọ́ ní Pọtakọ́ọ̀tù yẹn.

Mo tún kí ọ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Iṣẹ́ orí omi kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Mo ti béèrè lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀mẹta bóyá wọ́n fún yín ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta lo sì fi mí rẹ́rìn-ín. Mo tún ń béèrè. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi kọ̀wé.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lẹ́yìnkùlé, níbi tí a to iṣu sí, lọ́jọ́ tí o wá dágbére. Jẹ́ kí n tún un sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Ọdún karùn-ún nìyí tí ìwọ àti Fọlákẹ́ ìyàwó rẹ ti ń retí ọmọ. Ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ ní Ìbàdàn ní àwọn á mú ẹyin lára Fọlákẹ́, àwọn á pa á pọ̀ mọ́ àtọ̀ rẹ níta ara, tó bá sì di ọlẹ̀, àwọn á gbé e padà sínú rẹ̀. Nítorí pé oṣù méjì méjì ni wàá máa lò lórí omi, o lè má sí nílé lọ́jọ́ tí ẹyin bá gbó. Ìdí nìyẹn tí o fi fi àtọ̀ sílẹ̀ kí wọ́n dì í pa mọ́ sínú òtútù. Wọ́n wá yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ wò. Kí wọ́n tó dì í, àwọn ohun wẹ́wẹ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ́ ọ, ìwọ̀nba ló ṣì ń mira. Wọ́n pè ọ́, wọ́n ní kí o wá fi òmíràn sílẹ̀ kí o tó wọ ọkọ̀ ojú omi. O ní kò sí àyè. O sọ fún Fọlákẹ́ pé gbogbo rẹ̀ dára. O wá sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Fọlákẹ́ gbọ́. Ẹ̀rù á bà á."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ pé mo gbà.

Oṣù tó ń bọ̀ ni Fọlákẹ́ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ tó máa mú ẹyin rẹ̀ gbó. Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí o wọ ọkọ̀. Mo ti kà á lórí kàlẹ́ńdà títí tí ìyá rẹ fi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo fẹ́ ra kàlẹ́ńdà mìíràn.

Bàbá kì í sábà bá ọmọ sọ̀rọ̀ àtọ̀. Bàbá tèmi kò bá mi sọ ọ́ rí. Ká ní ó bá mi sọ ọ́ ni, ó ṣeé ṣe kí n má ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ rò fún ọ nísàlẹ̀. Torí náà màá pe ohun gbogbo ní orúkọ rẹ̀.

Èkíní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àtọ̀ rẹ kì í ṣe èèmọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Nígbà tí o lọ tán, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkọ̀lé, mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń ran àwọn tó ń wá ọmọ lọ́wọ́. Mi ò dárúkọ rẹ. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ọmọkùnrin kan. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọ̀rẹ́ yín yẹn, ṣé òun náà kì í sùn dáadáa ni?"

Mo ní òun náà kì í sùn dáadáa.

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Ó ní omi wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan àwọn ohun wẹ́wẹ́ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú àtọ̀. Tí omi bá dì, yìnyín tó máa ń dà máa ń mú ẹnu bí àfọ́kù ìgò, ó sì lè gún wọn láti inú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń po oògùn kan mọ́ ọn, tó ki díẹ̀ bí omi ṣúgà, kí omi inú wọn má baà dì lọ́nà tó máa ya wọ́n. Síbẹ̀ náà, àwọn kan máa ń kú nínú wọn. Ó lè tó ìdajì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó bá sì jí padà kì í lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀, ó máa ń tètè rẹ̀ wọ́n. Àtọ̀ tí kò bá lágbára púpọ̀ kí wọ́n tó dì í ló máa ń pàdánù jù.

Mo béèrè pé tí ó bá pẹ́ níbẹ̀ ńkọ́, ṣé kì í gbó. Ó ní pípẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan. Wíwọ inú òtútù àti jíjáde ló ń ṣe é léṣe. Tí ó bá ti wọlé, tí òtútù náà kò sì já, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo béèrè pé tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́. Ó ní kì í ṣe iná mànàmáná ló ń mú un tutù, pé afẹ́fẹ́ kan ni wọ́n sọ di omi, tó tutù ju firísà èyíkéyìí lọ, inú agolo ńlá tó ní ìdérí ló sì máa ń wà. Wọ́n kàn ní láti máa bu kún un ni. Mo béèrè pé tí ẹni tó ń bu kún un bá gbàgbé ńkọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́." Síbẹ̀, tí o bá débẹ̀, béèrè ẹni tó ń bu kún un.

Mo tún béèrè bóyá òtútù kò ní máa mú ọmọ tí wọ́n bá bí bẹ́ẹ̀ ju àwọn ọmọ yòókù lọ. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní ọmọ bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọmọ mìíràn.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀ ni èyí tó sọ kẹ́yìn. Ó ní nígbà tí àwọn tó ń mira bá kéré, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ kan tó tín-ín-rín mú ẹyọ kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fi sínú ẹyin náà gan-an. Nítorí náà, Káyọ̀dé, díẹ̀ kì í ṣe òfo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní díẹ̀ kò ní àyè àṣìṣe.

Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ́. Ìwọ náà ti bá mi gé èbù rí. A máa ń gé e, a ó fi eérú pa á lójú, a ó sá a sí ibi tí oòrùn kò ti ní í pa á. Pẹ̀lú gbogbo ìyẹn náà, a mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa hù. Ta lo rí ní ìlú yìí tó gé iye èbù tó bá iye ebè rẹ̀ mu géérégé? A máa ń gé lé e ni. Kí o tó wọ ọkọ̀ yẹn, lọ gé èbù lé e. Padà sí Ìbàdàn, fi òmíràn sílẹ̀, tí àyè bá sì wà, fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọjọ́ mélòó kan wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ ọkọ̀ òfuurufú, Ìbàdàn kò jìnnà sí yín.

Èkejì. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ nípa ohun tó dì tó tún yọ́. O kò mọ̀ pé mo ti ṣiṣẹ́ rí nílé ẹja tútù ní Ìkọ̀lé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni, ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín gbà mí sípò ẹni tó ń ṣọ́ ilé òtútù rẹ̀. Ó rìnrìn àjò lọ sí Èkó ní ọ̀sẹ̀ kan. Iná lọ. Mo tan ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì dákú lọ́jọ́ kejì. Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Omi rẹ̀ ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì ń fi àpò ìdọ̀họ nù ún kí ará àdúgbò má baà rí i. Lọ́jọ́ kẹrin iná dé. Ẹja dì padà, ó le, ó ń dán. Mo wò ó, mo ní Ọlọ́run ti yọ mí. Nígbà tí ìyá náà dé, ó béèrè pé, "Kò sí wàhálà?" Mo ní, "Kò sí wàhálà, mà."

Àwọn obìnrin ra ẹja lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú wọn gbé odindi ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ wá. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú wa. Ó ní, "Ẹ wá wò ó. Ṣé ẹja ni mo rà ni àbí ògì? Mo dé ulé, mo gbé e kaná, kí n tó fi ata sí i, ó ti di omi. Egungun nìkan ló dá mi lóhùn."

Ìyá ẹlẹ́ja kò lù mí. Ó mú mi lọ sẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ yìí, ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé ni, à bá mọ èyí tó ṣì dára, à bá yan án, à bá tà á ní yíyan. Ọ̀nà wà nígbà náà. Ìwọ lo dí i." Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi láti ọjọ́ náà. Ìgbà tí ẹja yọ́, ọ̀nà ṣì wà. Ìgbà tí mo ní kò sí wàhálà ni ọ̀nà dí. O gbọ́ ohun tí mo ń sọ.

Bákan náà, àtọ̀ tí wọ́n bá ti yọ́, wọn kì í fẹ́ dì í padà. Nọ́ọ̀sì náà sọ bẹ́ẹ̀. Ìpalára kejì á kún ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, bẹ àwọn ará Ìbàdàn kí wọ́n pín èyí tí o bá tún fi sílẹ̀ sí kéékèèké, kí wọ́n lè yọ́ ọ̀kan, kí ìyókù ṣì wà níbi tó wà. Kí wọ́n má yọ́ ohunkóhun àyàfi tí ẹyin Fọlákẹ́ bá ti wà lọ́wọ́ wọn. Kí o sì fi ojú ara rẹ rí orúkọ tó wà lára rẹ̀. Orúkọ rẹ pé, orúkọ bàbá rẹ pé. Àwọn Káyọ̀dé pọ̀ ní Ìbàdàn.

Mo tún ní àwọn wọ̀nyí láti sọ; mi ò ní í kà wọ́n mọ́, nítorí wọ́n ti ń pọ̀. Má gbé kọ̀ǹpútà lé itan mọ́. Ooru rẹ̀ kò dára fún ọ. Jáwọ́ nínú sìgá tí o rò pé mi ò mọ̀ pé o ń mu. Kí o tó lọ fi òmíràn sílẹ̀, béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ìwọ àti ìyàwó rẹ fi yà fún ara yín, kí o sì pa á mọ́. Béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ó sàn kí abẹ́rẹ́ Fọlákẹ́ dúró títí di ìgbà tí wàá kọ́kọ́ bọ̀ láti orí omi, kí wọ́n lè lo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kí èyí tó wà nínú òtútù sì jẹ́ àfẹ̀yìntì. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ó rí. Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà, ẹni méjì ló yẹ kó jókòó síwájú dókítà béèrè rẹ̀, kì í ṣe ẹnì kan. Inú ikùn Fọlákẹ́ ni abẹ́rẹ́ yẹn ń lọ. Kò dára kí a máa gún obìnrin lójoojúmọ́ fún ohun tí kò mọ bó ṣe rí.

Èyí tó le jù ló kù. Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti ya ìwé rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣeé ṣe kí n máa sọ fún ọ pé kí o lọ sọ òtítọ́ fún ìyàwó rẹ, kí èmi sì jókòó ti ìyàwó tèmi pẹ̀lú ohun tó wà nínú àpò ìwé mi. Jẹ́ kí n lọ ṣe é ná. Màá padà sórí lẹ́tà yìí.

Ọjọ́rú.

Mo ti ṣe é. Kí n tó sọ bó ṣe rí, jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́.

Ọdún kẹjọ lẹ́yìn ìgbéyàwó wa ni a bí ọ. O ti mọ ìyẹn. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé ní òpin ọdún kẹta, mo dá lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ àtọ̀ mi wò. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé kò pọ̀ tó, pé èyí tó wà níbẹ̀ kò sì yára. Ó ní kò tíì di òfo, kí èmi àti ìyàwó mi wá pa pọ̀. Mo ká ìwé náà sí mẹ́rin, mo fi sẹ́yìn sátífíkéètì ilé ẹ̀kọ́ mi nínú àpò rẹ̀, mo sì lọ sílé. Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ìyá rẹ ni wọ́n ń mú kiri. Ìyá rẹ ló mu àgbo, tó gbààwẹ̀, tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wo ikùn rẹ̀ bí ẹni ń wo aago.

Àṣà kan wà nínú agbolé wa nígbà náà. Tí iṣu tuntun bá jáde, àkọ́bí ọkùnrin ló máa ń pín in fún àwọn ìyàwó ilé, iye ọmọ tí obìnrin bá ní sì ni iye iṣu tó máa gbà. Ẹni tí kò bá tíì bí kò gba nǹkan kan. Ẹni tó ń pín in á wò ó lójú, á sọ fún un pé, "Tìrẹ ṣì wà nínú ebè." Àwọn àgbà ní àdúrà ni. Gbogbo obìnrin tí wọ́n sọ ọ́ fún mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà nìkan.

Èmi ni àkọ́bí ọkùnrin. Èmi ni mo ń pín in. Lọ́dún kìíní, ìkejì, ìkẹta, mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ, mi ò mọ̀. Lọ́dún kẹrin, ìkarùn-ún, ìkẹfà, ìkeje, mo wò ó lójú, mo sọ ọ́ fún un, ìwé sì wà nínú àpò ìwé mi. Nígbà tí o dé, gbogbo ilé ní Ọlọ́run ti ṣí inú ìyàwó. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn.

Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ tí o sọ tìrẹ fún mi pé bóyá láti ara mi ni ó ti wá. Nọ́ọ̀sì náà ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé fífi í pa mọ́, láti ọ̀dọ̀ mi lo ti kọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò fi ẹnu kọ́ ọ.

Ní àná, ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "Màmá Káyọ̀dé, mo ní ìwé kan tí mo fẹ́ kí o rí."

Ó ní, "Ṣé ẹ tún ti sọ ìwé iná nù ni?"

"Kì í ṣe ìwé iná." Mo fún un.

Ó nà án jìnnà sójú, ó ní, "Kí ni wọ́n kọ síbí? Ọwọ́ dókítà kò ṣeé kà."

Mo kà á fún un. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó tún ṣa ẹ̀wà bí ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó wá béèrè pé, "Nígbà tí ẹ ń pín uṣu lọ́dún kẹrin, ṣé ìwé yìí ti wà lọ́wọ́ yín?"

"Ó ti wà."

"Lọ́dún karùn-ún?"

"Ó wà."

"Ìkẹfà?"

Mo mi orí.

"Lọ́dún keje, ọdún tí mo wọ aṣọ àdìrẹ tuntun, tí mo lọ dúró sẹ́yìn ògiri kí ẹ má baà rí mi, tí ẹ sì pè mí jáde kí ẹ lè sọ ọ́ fún mi?"

Mo ní ìwé wà lọ́wọ́ mi.

Ó gbé àwo ẹ̀wà náà, ó wọlé. Káyọ̀dé, kò pariwo. Ì bá sàn kí ó pariwo. Ó gbé oúnjẹ alẹ́ fún mi, ó gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo bó ṣe máa ń ṣe, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ̀wé, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti dàgbà jù fún irú ìdákẹ́ yìí. Ohun tí ì bá gbà mí ní ọdún kẹta ni mo sún síwájú títí ó fi di ti arúgbó. Mi ò mọ̀ bóyá yóò dárí jì mí. Ìwọ ṣì wà ní ọdún karùn-ún. Fọlákẹ́ ṣì lè bínú sí ọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó tán.

O ní ẹ̀rù á bà á. Kí ó bà á. Ẹ̀rù tí ẹni méjì bá jọ ń gbé máa ń fúyẹ́. Tí iṣẹ́ yẹn kò bá yọrí, tí o kò sì tíì sọ fún un, ara rẹ̀ ló máa dá lẹ́bi. Ìyá rẹ náà á bá a dá a lẹ́bi. O gbọ́ ohun tó sọ nígbà tí ẹ wá kẹ́yìn: "Ikùn tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú ọ́fíìsì yunifásítì látàárọ̀ dalẹ́, ìgbà wo ló máa rántí oyún?" Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì wọ yàrá lọ. Mo rí i. Èmi àti ìwọ la mọ̀ pé kì í ṣe kọ̀ǹpútà, a sì jókòó níbẹ̀, à ń jẹ iyán.

Ọjọ́bọ̀.

Mo ti fẹ́ fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lánàá. Ó dára tí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo gbọ́ ìró lẹ́yìnkùlé. Mo jáde, mo bá ìyá rẹ níbi iṣu. Ó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kan ìdí wọn bí ẹni tó fẹ́ rà. Ó yọ mẹ́rin tó tóbi jù sọ́tọ̀. Ó sọ̀rọ̀ láìwo ojú mi.

Ó ní, "Mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ò mọ̀. Mo fi jì yín. Mẹ́rin yìí, ẹ mọ̀. Tèmi ni."

Mo ní, "Tìrẹ ni."

Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ wá sọ ọ́ nísinsìnyí? Ó ti di ogójì ọdún ó lé. Kí ló jí i?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń to àwọn iṣu tó kù padà.

"Ṣé ti Káyọ̀dé náà nìyẹn?"

O ní kí n má jẹ́ kí Fọlákẹ́ gbọ́. O kò sọ̀rọ̀ ìyá rẹ, ṣùgbọ́n mo dákẹ́ síbẹ̀.

Ó wò mí wàyí. Ó ní, "Bàbá Káyọ̀dé, ẹ kì í dákẹ́. Ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé, kì í dákẹ́." Ó wá jókòó sórí àpótí. Ó ní, "Mo sì ti sọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà sí ọmọ ọlọ́mọ létí."

Ó ti di iṣu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò. Ó ní Fọlákẹ́ lòun ń gbé wọn lọ fún ní Ọyẹ́ níbi tí ẹ ń gbé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun fúnra òun, kí ẹnikẹ́ni má bá òun gbé wọn. Ó ní òun máa tọrọ àforíjì, àti pé tí ó bá béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ mẹ́rin, òun máa sọ fún un. Mo ní kí ó dúró kí ìwọ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ní kí n dúró nígbà náà, pé tèmi ṣì wà nínú ebè." Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá mo ti lo oògùn mi. Mo ní mo ti lò ó.

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń bọ̀ láti Ìkọ̀lé máa ń kọjá níwájú ilé wa ní aago méje àárọ̀. Ìyá rẹ kì í pẹ́ dé etí títì. Tí kò bá sí ohun tó dá ọkọ̀ dúró lọ́nà, yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà Fọlákẹ́ kí aago mẹ́jọ tó lù.

Ọmọ mi, Ọjọ́bọ̀ la wà yìí. Pe ìyàwó rẹ kí iṣu náà tó dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
tó gbé fóònù sórí itan, tó ń wò ó.